Bí A Bá Fi Ìfẹ́ Hàn sí Yunifásítì Kan, Ṣé Yóò Torí Ẹ̀ Gbà Wá?

 

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí àlọ́ àpamọ̀, ọ̀rọ̀ yunifásítì ló gba gbogbo ilé kan. Ẹnìkan ní bàbá òun ti mú òun lọ sí ọgbà yunifásítì kan, òun ti ya fọ́tò lẹ́nu géètì, òun sì ti kí ọ̀gá kan níbẹ̀, nítorí náà wọ́n máa gba òun. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, ó ní kọ̀ǹpútà ló ń gbani, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ẹni tó fẹ́ràn òun. Ẹnìkẹta ní ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí èèyàn bá wá wo ilé-ìwé wọn. A ò rí ọ̀rọ̀ náà yanjú títí aago fi lù. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo wà ní SS3, tí fọ́ọ̀mù JAMB ń bọ̀ wá bá, lọ wádìí ẹ̀ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa. Ohun tí mo rí nìyí.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé ìfẹ́ tó wà lọ́kàn wa ò ní máàkì kankan ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí a kọ sórí fọ́ọ̀mù, níbi tó yẹ, kí ọjọ́ tó pé, lè ṣí ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni àìkọ ọ́ lè tì í. Ó yẹ ká mọ ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa.

Kí ló dé tí ilé-ìwé fi ń bèèrè ìfẹ́?

Kí ọdún 1978 tó dé, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, tó sì ń gba àwọn tó bá yàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba fọ́ọ̀mù Ìbàdàn, kó gba ti Ifẹ̀, kó tún gba ti Zaria. Bí orí bá bá a ṣe é, gbogbo wọn lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ibì kan ṣoṣo ló sì lè lọ. Àyè tó fi sílẹ̀ níbi yòókù á wá ṣófo, nígbà tí ọmọ mìíràn jókòó sílé tó ń wá àyè kan péré lójú méjèèjì. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, kí ojú kan ṣoṣo lè máa wo gbogbo ìgbaniwọlé. UNIJOS tiwa níbí, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ní 1971, tó sì di yunifásítì fúnra rẹ̀ ní 1975, wà lára àwọn tí ètò náà kó sábẹ́ ara rẹ̀.

Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ilé-ìwé kì í bèèrè ìfẹ́ torí kí inú rẹ̀ lè dùn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí òun bá gbà yóò wá lóòótọ́. Ó dà bí ìdílé ìyàwó tó ń wo ọkọ ìyàwó. Ẹnu dídùn ò tó wọn. Wọ́n fẹ́ rí alárinà, wọ́n fẹ́ rí ẹrù ìdáná. Ìfẹ́ tí kò ná ni ní nǹkan kan, gbogbo èèyàn ló lè sọ ọ́. Èyí tó ná ni ní nǹkan ni wọ́n ń kà sí.

Ipò kìíní: ẹrù ìdáná tiwa

Lórí fọ́ọ̀mù UTME, à ń kọ ju ilé-ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló lè wà ní ipò kìíní. Òun ni gbogbo wa ń pè ní fọ́ọ̀sì ṣọ́ìsì. Agbára rẹ̀ ò ju pé a ò lè fún ilé-ìwé méjì lọ. Ẹni tó bá fi UI síbẹ̀ ti gbé OAU, UNILAG àti UNIJOS sẹ́yìn, kò sì sí bó ṣe lè sọ fún wọn pé gbogbo wọn ni òun fẹ́ jù.

Àwọn ilé-ìwé tí èrò pọ̀ sí kì í sì fi èyí ṣeré. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nígbà tí UI, OAU tàbí UNILAG bá gbé ìkéde àyẹ̀wò post-UTME wọn jáde, wọ́n máa ń sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó fi àwọn sí ipò kìíní, tó sì gba máàkì 200 ó kéré tán nínú 400, ni àwọn ń pè. Ẹni tó gba 290 ṣùgbọ́n tó fi wọ́n sí ipò kejì, ilẹ̀kùn ti sé mọ́ ọn kó tó débẹ̀, àfi tó bá yára lọ yí yíyàn rẹ̀ padà lọ́dọ̀ JAMB.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ìdílé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan gba 251. Yunifásítì tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti JSS1 ni ó fi sí ipò kejì, nítorí ẹnìkan sọ fún un pé kó fi èyí tó rọrùn ṣáájú. Nígbà tí ìkéde àyẹ̀wò jáde, wọn ò pè é. Àwọn mìíràn tí máàkì wọn wà ní 210, tí wọ́n fi ilé-ìwé náà ṣáájú, wọ́n pè wọ́n. Ó sunkún fún ọjọ́ méjì. Ìyá wọn ń bèèrè pé, "Ṣebí ó fẹ́ràn ibẹ̀, ṣebí wọ́n rí máàkì ẹ̀?" Wọ́n rí máàkì ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, ibòmíràn ló ti kọ́kọ́ lọ tọrọ ìyàwó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ńkọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ipò kìíní ń mú wa dé ẹnu ọ̀nà, kò gbé wa wọlé. Tí a bá ti wọ inú ìṣirò, ìfẹ́ ò ní àyè mọ́. Bí àpẹẹrẹ, ìlànà tí UI ń lò ni pé wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB kó lè dúró lórí 50, wọ́n á sì fi 2 pín máàkì post-UTME kóun náà dúró lórí 50. OAU ń fi 50 fún JAMB, 40 fún àyẹ̀wò tirẹ̀, 10 fún èsì WAEC tàbí NECO. UNILAG ń lo 50, 30 àti 20.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti UI wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 280 nínú JAMB àti 60 nínú post-UTME: 35 pẹ̀lú 30, ó di 65. Èkejì gba 264 nínú JAMB àti 70 nínú post-UTME: 33 pẹ̀lú 35, ó di 68. Èkejì ló wà níwájú. Bí ti àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ UI sí láyà lójoojúmọ́, 65 náà ni 65. Kò sí ibi tí wọ́n kọ "ìfẹ́" sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ilé-ìwé kan gan-an, ibi tó ti lè fi hàn jù ni ìbéèrè àtẹ̀yìnwá post-UTME ilé-ìwé yẹn: kó ṣe wọ́n títí ọwọ́ ẹ̀ á fi yá.

Ìpínlẹ̀ wo lo ti wá?

Apá yìí kan àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Jos gan-an. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń pín àyè wọn sí mẹ́ta. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 wà fún máàkì nìkan, ibikíbi tí èèyàn ti wá. 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé náà ká. 20 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó nínú wọn. Ohun tí wọ́n sì ń wò ni ìpínlẹ̀ tí a ti ṣẹ̀ wá, kì í ṣe ibi tí a ń gbé.

Ẹ wo èmi. Jos ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi dé ìlú yìí láyé kùsà, ó ń ta aṣọ, kò sì padà mọ́. Hausa yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ẹsẹ̀ mi sì mọ ọ̀nà Terminus ju ọ̀nà Tákíè lọ. Ṣùgbọ́n lórí fọ́ọ̀mù, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí, Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ mi. Nítorí náà, ní UNIJOS tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé, ará ọ̀nà jíjìn ni mí, inú 45 ni mo ti máa du tèmi. Ní UI tí mo ń rí nígbà ìsinmi nìkan, ọmọ àdúgbò ni mí. Bí mo ṣe fẹ́ràn UNIJOS tó, ìfẹ́ yẹn ò lè yí ìyẹn padà.

Ẹ̀yin ará Ọ̀ffà, Ìlọrin, Kàbbà àti Ìsánlú, ẹ̀yin náà ẹ fetí sílẹ̀: Kwara àti Kogi wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó ń jẹ nínú 20 yẹn. Plateau náà wà níbẹ̀. Mi ò sọ èyí kí inú lè bí ẹnikẹ́ni sí aládùúgbò rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ kí a lè ṣírò dáadáa kí a tó kọ orúkọ ilé-ìwé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Iṣẹ́ mẹ́rin tí ìfẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe

Bí mo ṣe rí i, ọ̀nà mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń gbà fi ìfẹ́ hàn lọ́nà tí ilé-ìwé lè rí.

Èkíní ni ipò kìíní tí mo ti sọ. Kí a tó kọ ọ́, ká ka bróṣọ̀ JAMB, ká rí i pé iṣẹ́ mẹ́rin tí a máa ṣe nínú UTME bá ohun tí ẹ̀ka yẹn ń bèèrè mu. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ oògùn tí kò ṣe kẹ́mísìrì, ìfẹ́ rẹ̀ ò lè sàn án.

Èkejì ni post-UTME. Kì í ṣe JAMB ló ń forúkọ wa sílẹ̀ fún un. Ilé-ìwé á kéde, á dá ọjọ́ tí yóò parí, àwa fúnra wa la ó lọ forúkọ sílẹ̀. Láti 2005 ni àyẹ̀wò yìí ti wà. Ìjọba dá a dúró ní 2016, ó sì padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìkéde náà sábà máa ń jáde nígbà tí a ti kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí kálukú wà nílé. Tí ẹ ò bá ní fóònù lọ́wọ́, ẹ bẹ ẹnìkan nílé kó máa bá yín wò ó.

Ẹ̀kẹta ni èsì WAEC tàbí NECO. Ọ̀pọ̀ wa máa forúkọ sílẹ̀ fún UTME nígbà tí a ṣì ń retí èsì. Tí èsì bá jáde, a gbọ́dọ̀ gbé e lọ sórí ètò JAMB. Tí a ò bá gbé e síbẹ̀, lójú ilé-ìwé, a ò ní èsì rárá. Máàkì wa lè dára títí, wọ́n á fò wá kọjá.

Ẹ̀kẹrin ni gbígbà. Láti 2017, orí CAPS ni ìgbaniwọlé ti ń wáyé. Tí ilé-ìwé bá ti fún wa láyè, ó máa hàn níbẹ̀, àwa la ó sì tẹ "mo gbà" tàbí "mi ò gbà". Ibẹ̀ ni ilé-ìwé ti ń rí ìfẹ́ tòótọ́. Ẹni tí kò bá dáhùn lásìkò, àyè náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni fọ́tò ẹnu géètì. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo mọ ọ̀gá kan níbẹ̀". JAMB ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ìgbaniwọlé tí kò bá gba orí CAPS kì í ṣe ìgbaniwọlé. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ òbí yín pé òun ní àyè lápò, ẹ bi í pé kí ni CAPS máa sọ. Nítorí ẹni tó bá wọlé láti ojú fèrèsé lè ka ìwé fún ọdún mẹ́rin, kó wá dé ẹnu ọ̀nà NYSC kí wọ́n má rí orúkọ ẹ̀.

Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà wá ní ìpàdé kò parọ́. Àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́: ẹni tó wá wo ọgbà, ẹni tó wá síbi ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹni tó kọ lẹ́tà tó bèèrè ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Ìdí rẹ̀ náà ni ti ayé ṣáájú JAMB lọ́dọ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ̀wé sí ilé-ìwé mẹ́wàá, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ń wòye iye àwọn tí yóò wá nínú àwọn tí òun gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbé jáde lọ́dọọdún, Common Data Set lorúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń sọ bí òun ṣe ń ka ìfẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sí tó. MIT àti Stanford wà lára àwọn tó sọ pé àwọn ò kà á sí. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ọlọ́jọ́ méje, kó kọ́kọ́ wo ìwé yẹn.

Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ ni Early Decision. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan ilé-ìwé kan ṣoṣo, á kọ̀wé sí i ṣáájú àwọn yòókù, nǹkan bí oṣù kọkànlá, á sì fọwọ́ sí i pé tí wọ́n bá gba òun, òun máa wá, òun á sì yọ orúkọ òun níbi yòókù. Ẹ rí i pé fọ́ọ̀sì ṣọ́ìsì wa náà ni, ó kàn wọ kóòtù ni. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó nílò owó ìrànlọ́wọ́ ronú dáadáa kó tó fọwọ́ sí i, nítorí kò ní lè fi owó tí ibì kan fẹ́ fún un wé ti ibòmíràn. Ilé-iṣẹ́ EducationUSA tó wà ní Àbújá àti Èkó máa ń la irú nǹkan báyìí yé èèyàn.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Orí UCAS, a lè kọ ilé-ìwé márùn-ún, kò sì sí ipò kìíní nínú wọn. Yunifásítì kan ò lè rí àwọn mẹ́rin yòókù títí tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi dáhùn. Ìwé kan ṣoṣo tí a kọ nípa ara wa ló ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn, nítorí náà a ò tilẹ̀ lè yin ọ̀kan níbẹ̀ láìbú àwọn yòókù. Ìfẹ́ tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni ìfẹ́ sí ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́.

Ṣé ó tọ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí ní gbogbo ẹ̀ ò dára, ó ní máàkì nìkan ló yẹ kí wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ olówó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo ọgbà ilé-ìwé ní Boston. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì ní Farin Gada ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò sì fi hàn pé ìfẹ́ tirẹ̀ kéré. Lójú tèmi, ìfẹ́ tí owó lè rà kò yẹ kó ní máàkì.

Ti ipò kìíní yàtọ̀ díẹ̀. Àlàfo kan náà ni olówó àti tálákà ní lórí fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń jókòó fún UTME lọ́dọọdún sì ti sún mọ́ mílíọ̀nù méjì, ilé-ìwé tí gbogbo ayé ń wá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibì kan. Ohun tí kò tọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní yunifásítì á gbọ́ tètè. Ẹni tí kò ní, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá sé ló máa tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti kọ eléyìí.

Ìmọ̀ oògùn ni èmi fẹ́ kọ́. UNIJOS ní in, UI náà ní in. Màámi fẹ́ kí n wà nítòsí, bàbá mi ń pe orúkọ Ìbàdàn bí ẹni ń jẹ oyin. Ohun tí mo pinnu ni pé màá wo èsì mọ́ọ̀kì mi kí n tó kọ orúkọ kankan. Tó bá ń lé ní 250 dáadáa, UI ló máa wà níwájú, torí ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ mi ti wúlò fún mi. Tí èsì UTME gan-an bá jáde tí kò rí bí mo ṣe rò, màá tún ìṣirò náà ṣe, màá sì yí i padà kí ọjọ́ tó kọjá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní SS1 àti SS2, àkókò ṣì wà fún yín. Ẹ bi òbí yín ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ orúkọ yín, kí ó bá ìwé ẹ̀rí yín mu. Ẹ ka bróṣọ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń gba wa nímọ̀ràn, torí ẹni tó bá bèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí ẹ bá lè yọ̀ǹda kí a lo yàrá kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Sátidé kan kí SS3 tó forúkọ sílẹ̀, kí kálukú wo àwọn ìkéde ọdún tó kọjá fúnra rẹ̀, inú wa á dùn púpọ̀.

Ẹni tó bá ní àfikún tàbí àtakò, kó kọ ọ́ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìwé ìròyìn tó ń bọ̀ tó jáde. Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní àyè níbi tó dára fún wa. Ó dìgbà o.